Ihò Kan Ṣoṣo Lára Ẹ́ńjìnnì Katakata

Ẹ́ńjìnnì náà ń fì lókè lórí ṣéènì. Ọ́ìlì dúdú ń kán láti ìdí rẹ̀, tó, tó, tó, sórí páálí tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, èmi sì ń kà á bó ṣe ń kán, nítorí mi ò fẹ́ wo ojú bàbá mi. Ọjọ́bọ̀ ni, a kì í lọ síléèwé ní Ọjọ́bọ̀ ní Sharjah láyé ìgbà yẹn. Màmá mi ti wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tajà ní Al Rigga, kò sì sẹ́ni tó máa wò mí nílé, ni bàbá mi bá mú mi lọ sí yáàdì tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ àlòkù ṣe kí wọ́n tó kó o lọ sí Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Katakata kékeré kan tó ń walẹ̀ ló kó wa sí wàhálà lọ́sẹ̀ náà. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le koko. Bóòtù ló ń di ẹ́ńjìnnì náà mọ́ ìjókòó rẹ̀, ìlà yíyí inú ọ̀kan lára àwọn ihò bóòtù náà, tí wọ́n ń pè ní trẹ́ẹ̀dì, sì ti jẹ tán. Èèyàn lè yí bóòtù níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní di nǹkan kan mú. Lárúbáwá tó ni yáàdì ti búra pé bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá bàjẹ́, ẹni tó bà á jẹ́ máa padà sílé, òun máa fagi lé físà rẹ̀. Bàbá mi ló de bóòtù náà. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lẹ́nu màmá mi mọ́, tí èmi náà ń lá àlá pé wọ́n ń lé wa nínú ilé wa.

Àgbàlagbà kan wà ní yáàdì náà, ọ̀gá tó kọ́ bàbá mi níṣẹ́ ní Mushin. Bàbá la máa ń pè é. Ara rẹ̀ ń rùn epo dísẹ́ẹ̀lì àti orógbó, ó sì máa ń kùn lábẹ́lẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́. Kò ní fi irin kan ihò kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ki ìka bọ̀ ọ́, kó dijú, kó sì mi orí. Nígbà mìíràn á na nǹkan sí mi, á ní, "Ìwọ ọmọ iléèwé, ka nọ́ńbà yìí kí n gbọ́, ká mọ̀ bóyá tíṣà yín ń ṣiṣẹ́." Èmi á kà á pẹ̀lú ìgbéraga. Mo rò pé ìdánwò ni.

Bí Bàbá bá na irinṣẹ́ sí bàbá mi, ọwọ́ méjèèjì ni bàbá mi fi ń gbà á, á tẹrí ba, kò sì ní yẹ̀ ẹ́ wò. Bí trẹ́ẹ̀dì yẹn ṣe jẹ nìyẹn. Bóòtù tí kò bá ihò náà mu ni Bàbá nà sí i, bàbá mi mọ̀ ọ́n lára pé ó ń há, ó sì fagbára dè é. Mo gbọ́ nígbà tí bàbá mi ń sọ fún màmá mi: "Ṣé kí n wá dá a padà sọ́wọ́ ọ̀gá mi ni?"

Àtúnṣe tó kù ni pé kí wọ́n fi dírì, ẹ̀rọ tó ń lu ihò, fẹ ihò náà díẹ̀, kí wọ́n gé trẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, kí wọ́n wá yí wáyà líle kan wọ inú rẹ̀ tí bóòtù á máa dì mú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni. Irin ibẹ̀ ò nípọn, omi ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ jù, ó parí.

"Yalla, yalla!" Ọ̀gá Lárúbáwá dúró tì wá, ó ń mi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó ní ká yára, lọ́rí máa dé lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. "Lorry coming after Asr!"

Bàbá mú irin kan tí wọ́n ń fi sẹ́nu dírì. Ó nà án jìnnà sójú, ó fà á súnmọ́ra, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó bojú wò mí. Ó tún bojú wo Lárúbáwá náà. Kò pè mí. Ó kàn nà án sí bàbá mi.

13.5 ni mo rí tí wọ́n kọ sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, 12.5 ni mo kà fún un, tó ní ìyẹn la máa lò.

Bàbá mi fọwọ́ méjèèjì gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wò ó. Ojú rẹ̀ dúró lórí nọ́ńbà náà. Ó sì fi í sẹ́nu dírì. Dírì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Bàbá, kì í ṣe ìyẹn!" Mo pariwo débi pé gbogbo yáàdì gbọ́. "Mẹ́tàlá àtààbọ̀ ni! Ẹ ò ríran ni?"

Dírì dákẹ́. Bàbá mi ti gbọ́wọ́ sókè láti gbá mi létí.

"Má fọwọ́ kàn án," Bàbá wí. Ó kọjú sí bàbá mi. "Ìwọ náà rí i?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Mo ní, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, sà."

"O rí i, o sì fẹ́ kí wọ́n lé ọ lọ sílé. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?" Ó yọ irin náà kúrò lẹ́nu dírì. "Èmi náà ni."

Ó ní kí n wá èyí tó tọ́. Bàbá mi fẹ ihò náà, Bàbá fúnra rẹ̀ sì gé trẹ́ẹ̀dì rẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì: ó yí irin tí wọ́n fi ń gé e síwájú díẹ̀, ó dá a padà díẹ̀, ó kán ọ́ìlì sí i, ó wá yí wáyà náà wọlé. Nígbà tí bóòtù wọlé tó sì di mú, bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu ojú. Kí lọ́rí tó dé, ẹ́ńjìnnì ti jókòó.

Bàbá bá lọ bá ọ̀gá Lárúbáwá náà láti gba ẹ̀bi náà sọ́rùn, ó nawọ́ sí bàbá mi. "Mudir, that first spoil, na me. My eye don go. No be this one. Khalas, e don finish." Bàbá mi sáré dọ̀bálẹ̀ pé kó má sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní, "Dìde. Ojú mi ti ṣáájú lọ sílé, ara náà á tẹ̀lé e."

Kò pé oṣù kan tí Bàbá fi padà sílé. Wọn ò lé wa kúrò nílé wa, màmá mi ń jẹun, mo sì ń jó kiri nítorí mo rò pé èmi ni mo gbà wá là. Òótọ́ sì ni, èmi ni. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ohùn ọmọdé lè fọ́ àgbà.

Mo ti dàgbà báyìí. Mi ò lè rí àṣìṣe kí n dákẹ́, ara mi kì í gbà á. Bí wọ́n bá dá mi padà sí yáàdì yẹn lónìí, màá tún sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní pariwo. Màá rìn lọ bá Bàbá, màá di ọwọ́ rẹ̀ mú, màá sọ ọ́ sí i létí, òun nìkan.