Òwú Dúdú Lára Ọta Fífúyẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní abúlé wa lẹ́bàá Odigbo, òórùn ọwọ́ mi yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọbìnrin yòókù. Tiwọn a máa rùn epo pupa tàbí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Tèmi a máa rùn òjé yíyọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi tí ẹ ń wò yìí, tí ẹ ní n kò lè tẹ fóònù fúnra mi, èmi ni mò ń rọ ọta ìbọn bàbá mi.

Ìbọn náà kì í ṣe ṣakabùlà bíi ti àwọn ọdẹ yòókù. Bàbá bàbá mi ló ṣe amọ̀nà fún òyìnbó agégẹdú kan nínú igbó wa, nígbà tí òyìnbó sì ń padà sílé, ó fi ìbọn náà sílẹ̀ fún un, tòun ti ìwé àṣẹ. Irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí èèyàn ń fọwọ́ tì sísàlẹ̀, kó tún fà á padà sókè. Èèpo ọta tí a ti yìn a fò jáde, òmíràn a bọ́ sípò rẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà kú, ìbọn di ti ẹbí. Ẹni tó bá lè fi í pa àgbọ̀nrín wá fún ìkórè ilé àdúrà wa lọ́dọọdún ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, ọwọ́ bàbá mi ló sì wà kí wọ́n tó bí mi.

Ayé ológun la wà nígbà yẹn, nǹkan sì le. Ọṣẹ wọ́n, mílíìkì di ohun tí à ń gbé pamọ́ de àlejò, búrẹ́dì ń kéré sí i lójoojúmọ́ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọta gidi tó bá ìbọn òyìnbó mu kò sí mọ́, ì báà ṣe ní Ore, ì báà ṣe ní Ondó. Ni bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo ọta tó ti yìn jọ, ó ń tún wọn kì. Àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì mọ́tò ní gáréèjì Ore a máa fún wa ní bátìrì tó ti kú, inú rẹ̀ la ti ń rí òjé. Èmi ni mò ń yọ́ ọ nínú agolo, tí mò ń dà á sínú ihò irin tí alágbẹ̀dẹ gbẹ́ fún wa. Àwọn obìnrin àdúgbò máa ń sọ pé èèwọ̀ ni, obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn. Bàbá mi a dá wọn lóhùn pé, "Ìbọn ni wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn. Ọta kọ́ ni ìbọn."

Ihò méjì ló wà lára irin náà, ọ̀kan jìn ju èkejì lọ. Inú èyí tó jìn ni ọta wíwúwo ti ń jáde. A máa ń fi ẹ̀tù púpọ̀ sí i nídìí, ó ń lọ jìnnà, ó sì ń fi ìdí ìbọn gbá ọdẹ léjìká bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ọta fífúyẹ́ kò gba ẹ̀tù púpọ̀, kì í sì í dun èjìká, àmọ́ bí ẹran bá jìnnà, agbára rẹ̀ á ti tán kó tó débẹ̀. Nígbà tí a bá ti kì wọ́n tán, orí wọn jọra, torí inú èèpo ni èyí tó gùn fi gígùn rẹ̀ pamọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so òwú mọ́ ọn nídìí, dúdú fún wíwúwo, funfun fún fífúyẹ́. Ọta fífúyẹ́ ni bàbá mi fẹ́ràn jù. "Ọta fífúyẹ́ kì í ṣe ọta ọ̀lẹ," a wí bẹ́ẹ̀. "Ọta ẹni tó lè rákò ni. Bí ọta rẹ kò bá lè lọ jìnnà, ìwọ fúnra rẹ ni kí o súnmọ́ ẹran."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bíréèkì agbégilódò kan já lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní Ore. Bàbá mi wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fò sínú kòtò, ẹ̀mí rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n èjìká ọ̀tún rẹ̀ fọ́. Oníṣègùn eegun tò ó títí, kò tò dáadáa. Ìka rẹ̀ kú tipiri, kò lè mọ ìwọ̀n ohun tó bá dì mú mọ́. Kò pẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó kí i títí, ó mu omi, ó wá sọ ohun tó bá wá.

"Àbúrò, ọghọ́ tó ti rọ kì í gbé ìbọn. Bí ìkórè bá dé tí wo kò mú àgbọ̀nrín wá, ọmọ mi a gbà á."

Bàbá mi ní ó dára. Ṣùgbọ́n mo mọ bàbá mi. Kòkó kò lówó lórí, kẹ̀kẹ́ ti fọ́, ìbọn yẹn nìkan ló kù tó ń mú un dìde lórí ẹní láàárọ̀. Bí wọ́n bá gbà á, n kò mọ ohun tí yóò tún máa jí fún.

Ó gbìyànjú ọta wíwúwo kan lẹ́yìn ilé wa. Nígbà tó yìn ín, ó jókòó sílẹ̀ láì wo ibi tí ọta lọ, òógùn bò ó. Ìyá mi gbé omi gbígbóná wá, ó ń jó o léjìká, ó ń ka sáàmù. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rọ olówùú funfun fún yín."

Ó wò mí. "Kí n wá fi èjìká yìí rákò? Ẹrẹ̀ ni gbogbo abẹ́ igi ìyeyè tí ẹran ti ń jẹun. Láti òkèèrè ni màá ti yìn ín. Dúdú ni kí o rọ."

Mo rọ ọta mẹ́ta. Fífúyẹ́ ni mo rọ, òwú dúdú ni mo so mọ́ wọn. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo ní èjìká rẹ̀ á sinmi, ẹran á kú, ta ni yóò mọ̀?

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì, mò ń pọn omi lódò nígbà tí ìbọn dún. Ìró náà kéré. Korobá bọ́ lọ́wọ́ mi, torí mo mọ̀ pé òkèèrè ló ti yìn ín.

Oòrùn ti mú kí ó tó dé. Aṣọ rẹ̀ ya, ewé kan tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wọlé. Ẹ̀yìn ilé ló dúró sí, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí.

"Ọmọ mi, kí wo ṣe sí ọta mi?"

Ìbọn ti sọ fún un léjìká kí n tó sọ. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo sunkún. Mò ń retí ẹgba. Ó ní ẹsẹ̀ ni ọta bà, ẹran náà ń gbé ìrora kiri nínú igbó, ọdẹ kì í fi ẹran tó fara gbọgbẹ́ sílẹ̀ kó wá jẹun. Ó ní kí n dìde kí a lọ wá a.

Àwa méjèèjì tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ láti ìdí ewé kan dé òmíràn títí a fi dé etí odò, a sì rí àgbọ̀nrín náà níbi tó dùbúlẹ̀ sí lábẹ́ ìtàkùn, tó ń mí gúlegúle. Ojú rẹ̀ ń wò wá. Mi ò gbàgbé ojú yẹn. Bàbá mi bèèrè pé ṣé irú kan náà ni ọta tó kù, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó fi apá òsì wọ́ ara rẹ̀, èmi ń ká ẹ̀gún kúrò níwájú rẹ̀. Ó ń kérora, àmọ́ kò dúró. Nígbà tó súnmọ́ ọn tó, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ó parí.

Ó wá jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. "Ṣé o rí i? Mo lè rákò," ó ní. "Ká ní o sọ fún mi pé ó fúyẹ́ ni, màá ti súnmọ́ ọn láti àárọ̀."

Lọ́jọ́ ìkórè, a gbé àgbọ̀nrín lọ, gbogbo ìjọ hó yè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fúnra rẹ̀ gbá a lẹ́yìn, ó ní ọwọ́ bàbá mi ni ìbọn yóò ṣì máa wà. Ni bàbá mi bá gbé ìbọn náà lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Mo yìn ín láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èèyàn lè wà lọ́nà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ìbọn rẹ̀ kì í gbé e." Wọ́n bèèrè ta ló kì í. Ó ní òun ni. Títí tó fi kú, kò dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ìyẹn ti lọ. Igbó tí mò ń wí ti di oko ọ̀pẹ, ọmọ Odigbo tó mọ ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín kò pọ̀ mọ́, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn. Bí ìbọn bá dún lónìí, ilẹ̀kùn là ń sáré tì. Búrẹ́dì nìkan ni kò yí padà, ó ṣì ń kéré láì sọ fún wa.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń tọ́jú mi, mo sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà pè yín síta, ẹ pẹ́ níbẹ̀, ẹ wá wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ ní ibà lásán ni. Mo rí ojú yín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn, torí òun ni mo rín lọ́jọ́ tí mo kó ọta mẹ́ta lé bàbá mi lọ́wọ́. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so òwú dúdú mọ́ ọn fún mi. Bí ọjọ́ tó kù fún mi kò bá lè lọ jìnnà, ẹ sọ fún mi. Èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń rákò.