Ibi tí Ọ̀nà Gbé Àwa Ọmọ Pápá Yìnyín Dé

Múfútáù Àkànní ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé yìí. Mo dárúkọ rẹ̀ gbangba, torí mo gbọ́ pé Sìkírá ọmọ rẹ̀ máa ń ka ohun tí mo bá kọ síbí, yóò sì kà á sí bàbá rẹ̀ létí. Kà á dáadáa o, Sìkírá. Má fo ibì kankan! Bàbá rẹ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó yẹ kí n máa pè é ní “wọn”. N kò ní pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ẹ sì mọ̀ pé èmi kì í rẹ́rìn-ín lásán.

Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé ìṣirò ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní lisée, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé mo ti wà nínú ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín rí. Ní Abidjan níbí! Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in lọ. Ọkọ mi olóògbé náà rín in títí ó fi kú. Àlejò kò ní tíì jókòó tán tí yóò fi sọ pé kí wọ́n bi èmi Sàúdá nípa yìnyín mi. Bí wọ́n bá ń gba àlejò lọ́run, mo mọ ohun tó ń sọ fún wọn lọ́wọ́lọ́wọ́.

Nígbà èwe wa, òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Cocody ní pápá yìnyín nínú ilé. Oòrùn ń ta lóde, omi dì gbagidi nínú! Àwọn ọmọ òyìnbó ń fi bàtà onírin sáré lórí rẹ̀. Ará Kánádà kan ló ń tọ́jú yìnyín náà, Msíọ̀ Gíláàsì, Ọ̀gbẹ́ni Yìnyín, ni a ń pè é. Ó ti kó àwọn ọmọ òyìnbó jọ sí ẹgbẹ́ họ́kì kan, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò bá wọn díje. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwa ọmọ Ànàgó jọ nìyẹn. Ó mú Múfútáù àti Ràímì àbúrò rẹ̀, ọmọ Ṣakí. Ó mú Ganíyù, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ó mú Rafaẹli, tí bàbá bàbá rẹ̀ ti Àjàṣẹ́ wá ṣe akọ̀wé fún àwọn Faransé. Ó sì mú èmi, ọmọ oníṣòwò aṣọ láti Ìgbòho.

Kí ni wọ́n fi mí ṣe? Aṣọ́lé! N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà onírin yí po, ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Wọ́n gbé mi síwájú àwọ̀n bí ẹni gbé òkúta ti ilẹ̀kùn. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí à ń fi ọ̀pá gbá kì í kọjá lára mi. Ẹ bi Ganíyù, ó wà láàyè.

Àṣà kan wà nínú eré náà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á tò kọjá níwájú aṣọ́lé wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á tẹ̀ ba, á fi ọ̀pá kan aṣọ́lé ní ojúgun, pá-pá. Ìkíni ni. Msíọ̀ Gíláàsì máa ń sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá kí aṣọ́lé rẹ̀ ti fìdí rẹmi kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá fi ojú Yorùbá wo ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ni mo kéré jù nínú wọn, obìnrin sì ni mí. Ní àdúgbò, èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí Múfútáù láàárọ̀. Tí a bá dé orí yìnyín, òun ni yóò tẹ̀ ba kí mi! Tẹ̀ríntẹ̀rín ni àwọn yòókù fi ń ṣe é. Múfútáù, tó jẹ́ kápítẹ́ẹ̀nì, kò ṣe é rí. Á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, á gbójú sókè bí ẹni tó ń wá ibi tí òrùlé ti ń jò.

Ó ku ọ̀la kí a bá àwọn ọmọ òyìnbó díje fún ìgbà àkọ́kọ́ ni Múfútáù wọ ìsọ̀ bàbá mi lọ ní Treichville. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun kò lè rí i kí òun dákẹ́, pé ọmọ Bàbá ń wọ ṣòkòtò, pé ó ń ṣubú lu ọkùnrin lórí yìnyín. Ṣé irọ́ ló pa? Rárá. Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn mí jù. Òfófó tó bá jẹ́ òótọ́, kí lẹ fẹ́ fi jà á níyàn?

Bàbá mi kò pariwo. Wọ́n kàn ní kí n dá bàtà náà padà fún ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ kejì, Ràímì ni Múfútáù gbé síwájú àwọ̀n. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ òyìnbó gbá rọ́bà kọjá lára rẹ̀ títí àánú rẹ̀ fi ṣe wọ́n. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́. Inú mi ṣì ń dùn títí di òní!

Ẹgbẹ́ náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Msíọ̀ Gíláàsì padà sí ìlú rẹ̀, oníkálukú bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, n kò fojú kan ẹnì kankan nínú wọn mọ́.

Àfi bí mo ṣe lọ ra ẹja yìnyín ní Yopougon, ní zone industrielle, àgbègbè àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ilẹ̀ ilé ńlá tí wọ́n ń kó ẹja náà sí tutù, ó ń yọ̀ bí ilá. Ara ògiri ni gbogbo àwa oníbàárà ń dì mú rìn. Bàbá arúgbó kan bá jáde láti inú yàrá òtútù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá ìtilẹ̀ mú sẹ́yìn, ó ń yọ̀ bọ̀ wọ̀ọ́ láàárín ilé. Nígbà tó dé iwájú mi, ó yí ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ó dúró gbọn-in.

Ta ló ń dúró báyẹn ní Abidjan?

Mo ní, “Ganíyù!”

Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti mọ̀ mí?”

Mo ya ẹsẹ̀, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo na ọwọ́ òsì síta bí mo ṣe máa ń ṣe níwájú àwọ̀n. Ẹ bá gbọ́ igbe! “Sàúdá! Aṣọ́lé!” Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ rò pé wọ́n ti jí wọn lẹ́ja.

Òun ló ni ilé ẹja náà. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni kò fi yìnyín sílẹ̀! Ó wá sọ ibi tí àwọn yòókù wà. Rafaẹli ṣiṣẹ́ báńkì ní Plateau títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ báyìí. Ràímì ń ránṣọ ní Adjamé. Ọwọ́ tí kò rí rọ́bà ńlá mú wá ń mú abẹ́rẹ́, ẹ ò rí nǹkan? Múfútáù ta páàtì ọkọ̀ títí ó fi di Alhaji, ó padà sí Ṣakí, ó kọ́lé. Eékún ló dá a padà sọ́dọ̀ Sìkírá ní Cocody, kó lè rí dókítà.

Ganíyù wá ṣe àṣìsọ. Ó ní gbogbo wọn máa ń pàdé lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ Àìkú, tí Rafaẹli bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọn á máa mu ńyámákújì, omi atalẹ̀ olóyin yẹn.

Mo ní, “Láti ìgbà wo?”

Ó húkọ́. “Ó tó ọjọ́ mẹ́ta.”

“Ẹ ò sì wá mi?”

Ó ní òun dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ní Kápítẹ́ẹ̀nì ló sọ pé Sàúdá kò gbá ìdíje kankan, torí náà kì í ṣe ara ẹgbẹ́.

Ẹ gbọ́ mi? N kò gbá ìdíje kankan! Ta ni kò jẹ́ kí n gbá a? Ẹja tí mo rà bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò mọ̀ ọ́n. Mo pinnu níbẹ̀ pé Múfútáù yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú gbogbo wọn pé èmi ni aṣọ́lé, yóò sì sọ ohun tó gbé e dé ìsọ̀ bàbá mi. Tí kò bá sọ ọ́, ibẹ̀ ni màá sùn.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, mo wọ ṣòkòtò. Ọmọ mi lanu. “Maman, ibo lẹ ń lọ báyìí?”

Mo ní mò ń lọ ṣubú lu ọkùnrin.

Mo bá wọn lórí àga oníke níwájú yàrá òtútù, àwọn bàbá mẹ́rin, ọ̀pá ìtilẹ̀ mẹ́rin. Rafaẹli fò dìde, ó ní, “Mon Dieu, Sàúdá! Ṣé òkú ni mo rí àbí alààyè?” Ràímì kígbe pé, “Ẹ wò ó, ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe mí báṣubàṣu ti dé!” Múfútáù nìkan ni kò dìde. Fìlà funfun, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Kí ló ń wò? Òrùlé! Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, ó ṣì ń wá ibi tó ń jò.

Mo kí àwọn yòókù, n kò kúnlẹ̀ fún un. Mo ní n kò wá mu atalẹ̀. Mo ro ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń kọ́ kíláàsì, n kò fi ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja yẹn sílẹ̀.

Nígbà tí mo parí, Múfútáù ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Ó ní Mùsùlùmí kì í di kùnrùngbùn. Ó ní lójú ti òun, ẹni tó gbá ìdíje ni aṣọ́lé, Ràímì ló sì gbá a.

Ràímì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má fi orúkọ mi sí i. Èmi wo ni aṣọ́lé? Fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ni mí.”

Rafaẹli da atalẹ̀ sára nítorí ẹ̀rín. Èmi náà rín, tipátipá.

Ganíyù kàn dìde, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó wá síwájú mi, ó tẹ̀ ba. Egungun ìbàdí rẹ̀ ró kẹ́kẹ́. Ó fi ọ̀pá kan ojúgun mi, pá-pá. Rafaẹli tẹ̀ lé e, pá-pá. Ràímì kàn án ju ti ẹlòmíràn lọ, ó ní èyí tó lé jẹ́ ìtanràn. Èmi kì í sunkún o. Òtútù inú yàrá yẹn ló mú mi lójú.

Gbogbo wa yíjú sí Múfútáù. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, mo ti ń sọ lọ́kàn pé yóò tún gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba, eékún kọ̀, ó tún gbìyànjú. Mo fẹ́ dì í mú, mo rántí pé mò ń bínú. Pá. Ó sinmi díẹ̀. Pá.

Igbe ayọ̀ tí wọ́n fi bọ ẹnu kò kéré! Ràímì ní ó yá, kápítẹ́ẹ̀nì gbọ́dọ̀ gbá ọ̀kan. Ganíyù mú ẹja kékeré kan tó gan bí igi, ó gbé e sórí ilẹ̀ tútù náà. Rafaẹli fi àga méjì ṣe ojú àwọ̀n. Múfútáù dojú ọ̀pá rẹ̀ délẹ̀, ibi tó tẹ̀ kọdọrọ lókè wá di ìsàlẹ̀, ọ̀pá họ́kì pátápátá! Mo ya ẹsẹ̀.

Ẹ dúró ná, kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹnu mi, torí pé Múfútáù ni màá fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sílẹ̀ fún. Wọ́n ti sọ fún mi láti kékeré pé kí n gbàgbé, pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Mi ò gbàgbé, kò sì pa mí. Ẹni tó bá gba ipò yín, ẹ má dúró di ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ kí ẹ tó wí tẹnu yín. Ẹ wá a lọ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn, ẹ jẹ́ kó wò yín lójú. Ẹ lè bá ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló yọ yín kúrò nínú ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí, ẹ má tijú. Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á, kí ni iṣẹ́ mi tún kù?

Ó gbá a. Ẹja náà yọ̀ bọ̀ fìrì, mo fi ẹsẹ̀ òsì dí i. Ó ní kí wọ́n gbé e padà wá. Ó tún gbá a, mo tún dí i. Ó fara ti àga, ó ń mí gúlegúle, ó wá wò mí lójú, kì í ṣe òrùlé mọ́. Ó ní:

“Ìwọ ni aṣọ́lé wa, Sàúdá. N kò rí ẹyọ kan gbá kọjá ẹ rí, ni mo ṣe lọ bẹ bàbá ẹ kí wọ́n wá bá mi gbé ẹ kúrò níwájú àwọ̀n.”