Ọjọ́ Tí Mo Dá Mixer Bàbá Olórin Kọ́ńtìrì Padà sí Òdo

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti ń yún mi lẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí mi ò bá sọ ọ́, mo lè bẹ́! Mo ṣẹ ẹnì kan, mo ṣẹ̀ ẹ́ gan-an ni, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rere ni mo rò pé mò ń ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé home attendant ni mí, àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú nínú ilé wọn. Castle Hill ni mò ń gbé ní Bronx, àmọ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, agency mi gbé mi lọ sí Stapleton, ní Staten Island. Subway méjì, ferry kan tó ń gba orí omi, bọ́ọ̀sì kan! Kí n tó débẹ̀, mo ti sùn lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì. Mo kùn títí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé bàbá tí wọ́n ní kí n tọ́jú ni ìkùnsínú mi tán.

Kí ló dé? Mista Wendell ni!

Ẹ ò mọ̀ wọ́n? Ó dáa, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí bàbá yín bá jẹ́ irú bàbá tèmi, tó jẹ́ pé bí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tá a jẹun tán lọ́sàn-án Sunday, orin kọ́ńtìrì ló kù, ẹ máa mọ̀ wọ́n. Ní Ìbàdàn níbẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì wọn méjì ni bàbá mi ní. Àwòrán wọn wà lára páálí rẹ̀, wọ́n dé fìlà ńlá, wọ́n gbé gìtá dúdú kan sáyà. Àfi bí mo ṣe wọ pálọ̀ arúgbó kan ní Stapleton tí mo rí gìtá dúdú yẹn gan-an lára ògiri! Ariwo ni mo pa. Bàbá rò pé mo rí eku ni.

Gìtá mẹ́rin ni wọ́n ní. Dúdú yẹn ni wọ́n fi kọ gbogbo orin tó sọ wọ́n di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Ibi tí apá wọn ti ń ha á lára ti bó, igi inú ẹ̀ ti yọ síta. Ìkejì, irin ni ojú rẹ̀, ó máa ń dún gooro. Ìkẹta, iná ló ń lò. Ìkẹrin ò dà bíi gìtá rárá, orí itan ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, wọ́n á máa fi irin kékeré kan yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Òun ló máa ń dún bí ẹni ń sunkún nínú orin kọ́ńtìrì. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò mọ̀ pé gìtá ni!

Yàrá kejì wá ni ibi tí ojú mi ti là. Studio ni! Maikirofóònù ńlá kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, irú èyí tí téèpù rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìjẹun, àti mixer ayé àtijọ́ kan, èyí tí wọ́n fi ń to bí ohùn ṣe máa dún, tí bọ́tìnnì rẹ̀ pọ̀ lọ súà. Bàbá sọ fún mi pé Rúùtù, ìyàwó àwọn, ló máa ń jókòó nídìí mixer yẹn. Gbogbo orin tí àwọn kọ, òun ló gbà á sílẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tó ti ṣaláìsí.

Mo gbọ́ ìyẹn. Èyí tí mi ò gbọ́, torí pé mi ò béèrè, ni ìdí tí eruku fi bo gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Èmi ni mo wà nídìí sound ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Òfin kan ṣoṣo ni mo ní níbẹ̀: bí ìsìn bá ti parí, gbogbo bọ́tìnnì mixer gbọ́dọ̀ padà sí òdo. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹlòmíràn wá tan án lọ́jọ́ mìíràn, ariwo tó máa jáde lè fọ́ ìjọ létí. Ẹni tó bá gbàgbé yóò gbọ́ tẹnu mi, ì báà jẹ́ ìyàwó pásítọ̀. Ó ti di bárakú fún mi.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, bàbá jẹun ọ̀sán tán, wọ́n sùn. Ilé ti mọ́, aṣọ ti gbẹ. Ṣé kí n wá jókòó kí n máa wo fóònù ni? Èmi! Mo mú àkísà, mo wọ studio. Mo nu maikirofóònù. Mo nu ẹ̀rọ téèpù. Mo nu mixer, bí mo sì ṣe ń nù ún ni ọwọ́ mi ń yí àwọn bọ́tìnnì yẹn padà sí òdo lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mò ń kọrin lábẹ́nu. Mo fà sẹ́yìn, mo wò ó. Ó ń dán! Mo yin ara mi.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ìró walker, irin tí wọ́n fi ń rìn, lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá ò pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo! Wọ́n kàn ń wo mixer. Wọ́n bi mí bóyá mo yí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, mo ti dá gbogbo ẹ̀ padà sí òdo, bó ṣe yẹ. Wọ́n rọra jókòó.

Wọ́n wá sọ fún mi. Orin tí àwọn àti Rúùtù ń ṣe kẹ́yìn ò parí. Wọ́n ti gba gìtá sílẹ̀, ó ku ohùn. Rúùtù ti to gbogbo bọ́tìnnì síbi tó bá ohùn àwọn mu, ó ní tí ilẹ̀ bá mọ́ kí àwọn wá kọ ọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì yẹn ò mọ́ bá a. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ń dúró de ọjọ́ tí àwọn máa lè wọlé, kí àwọn kọ orin náà bí Rúùtù ṣe tò ó sílẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin ènìyàn! Ohun tí obìnrin yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò kẹ́yìn láyé, èmi ni mo fi àkísà nù dànù.

Wọ́n ní kí n tètè máa lọ sílé. Mo sunkún lórí ferry débi pé òyìnbó obìnrin kan fún mi ní tissue. Mo pe Sista Bísí, tá a jọ ń ṣe sound, mo rò fún un.

"Ah, Fọlákẹ́! Ṣé o ò ya picture ẹ̀ kó o tó zero ẹ̀ ni?"

"Mi ò yà á."

"O ò yà á? Ìwọ tó o máa ń shout lé wa lórí every Sunday!"

"Bísí, jọ̀ọ́, má dá kún un."

"Ó dáa, sorry. Tape yẹn ńkọ́? Tó o bá gbọ́ nǹkan tó wà nínú ẹ̀, ṣé etí ẹ ò ní lè wá sound yẹn kàn? Etí ẹ dáa jàre. Go and beg Baba."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀ fún wọn ní pálọ̀. Bàbá ò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa, wọ́n rò pé orúnkún ló ń dùn mí, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa fà mí dìde! Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ téèpù náà, mo lè fi etí wá ohùn yẹn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ó ti gbó, bó bá já, ó parí nìyẹn. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọn ò fi jẹun dáadáa. Mò ń se oatmeal, mò ń dà á nù.

Lọ́jọ́ kẹta, mi ò tíì bọ́ kóòtù tán tí mo fi rí wọn nínú studio, wọ́n ń ki téèpù bọ inú ẹ̀rọ fúnra wọn. Wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú pé etí mi dáa? Mo ní ó dá mi lójú. Irọ́ ni o!

Téèpù yí. Gìtá dúdú jáde, ó dùn, ó tutù. Ó parí. Bàbá na ọwọ́ láti pa á, la bá gbọ́ ohùn obìnrin.

Rúùtù ni! Ó ń fi ohùn ara rẹ̀ dán maikirofóònù wò, ó ń ka one, two, three. Ó wá kígbe pé Wendell, kọfí dà, ọ̀fun òun ti gbẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó tán.

Bàbá ò mọ̀ rárá pé ó wà níbẹ̀. Kíṣìnì ni wọ́n wà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń po kọfí. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣọ́ bọ́tìnnì, ohùn ìyàwó wọn fúnra rẹ̀ sì wà nínú téèpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀! Wọ́n sunkún, èmi náà sunkún, a tún un gbọ́ láìmọye ìgbà.

Ohùn yẹn ni mo wá fi ṣe òṣùwọ̀n. Màá sọ̀rọ̀ sínú maikirofóònù bí Rúùtù ṣe sọ ọ́, Wendell, kọfí dà? A ó fi wé tirẹ̀. Màá yí bọ́tìnnì díẹ̀, màá tún sọ ọ́. Ọ̀sán mẹ́ta la fi ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, bàbá dìde, wọ́n lọ po kọfí wá fún mi lóòótọ́!

Ní ọ̀sán kẹta, mo ní ó jọ pé mo ti rí i. Bàbá fi headphone sétí. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀, wọ́n gbọ́ tèmi. Wọ́n ní ó sún mọ́ ọn, àmọ́ kì í ṣe òun.

Mo ní kí wọ́n má bínú sà.

Wọ́n wá ní, ṣé mo mọ nǹkan kan, Rúùtù fúnra rẹ̀ kì í fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà. Bó bá jí láàárọ̀, á tún yí gbogbo ẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sórí mixer, wọ́n yí bọ́tìnnì kan, díẹ̀ báyìí. Láti ọdún mẹ́jọ, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ kàn án nìyẹn. Wọ́n ní kí n tẹ ẹ̀rọ kó máa gbà á.

Wọ́n sì kọ ọ́! Ohùn wọn ti há, ó tiẹ̀ já níbì kan. Mo béèrè bóyá ká tún un ṣe, wọ́n ní rárá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa wà.

Kí ni mo rí kọ́? Àkọ́kọ́, bẹ́ ẹ bá fẹ́ tún nǹkan onínǹkan ṣe, ẹ kọ́kọ́ béèrè, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Èkejì, bẹ́ ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ má sá. Ẹ padà lọ jókòó ti ẹni náà, kẹ́ ẹ jọ wá a. Ẹ lè má rí èyí tó sọnù gan-an, síbẹ̀ ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ máa bá pàdé.

Ó yá, ẹ̀yin náà, ta ló ti fi ìmọ́tótó dá wàhálà sílẹ̀ rí? Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan o! Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ ibí, mo fẹ́ kà á fún bàbá lọ́sàn-án òní. Àfi tí wọn ò bá ráyè gbọ́, torí wọ́n ti pè mí láàárọ̀ yìí pé kí n má pẹ́. Wọ́n ní àwọn ti kọ orin kan tí Rúùtù ò gbọ́ rí.