Aṣọ Ọjọ́ Àlejò

Àwọn kan ní aláìmoore ni Àǹtí Téló. Ẹ má dá wọn lóhùn jàre! Obìnrin tó ti ń ránṣọ láti ọdún méjìlélógún, tó máa ń tú ojú rírán tí kò bá gún kódà bí oníbàárà bá ní kò burú, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ṣàdédé ya wèrè nínú ọgbà ilé iṣẹ́ oníṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lọ òkúta funfun di lúbúlúbú. Ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, àpò méjì ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Nísinsìnyí, bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà kò fi bò fún wọn: eruku ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, bí kò bá sì bo imú, kò ní pẹ́ tí èémí ò fi ní kárí mọ́.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà wá ní kí Àǹtí Téló rán ogójì aṣọ iṣẹ́ fún ogójì òṣìṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì ra ìbòmú onírọ́bà mọ́ ọn, inú rẹ̀ dùn ju ti ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lọ. Ó ní Ọlọ́run ti gbọ́.

Gbọ́ kí ni? Ọjọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba bá ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń wọ aṣọ àti ìbòmú náà! Báwọn àlejò bá ti lọ, àwọn òṣìṣẹ́ á tò, wọ́n á bọ́ ọ, Àǹtí Téló á kó o sínú àpótí, á fọ̀ ọ́, á lọ̀ ọ́, á tọ́jú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

“Kó má baà dọ̀tí ni,” ni Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà wí, tẹ̀rín tẹ̀rín. Aṣọ iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ dọ̀tí! Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹnu géètì pé ìlera òṣìṣẹ́ ló jẹ wọ́n lógún. Irọ́ burúkú!

Ọdún méjì ni Àǹtí Téló fi pa ẹnu mọ́, nítorí àbúrò rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá sí i, ọmọ mẹ́ta ni mò ń bọ́.”

Lọ́dún kẹta, àwọn aláyẹ̀wò gbé àmì ẹ̀yẹ wá fún ilé iṣẹ́ náà pé wọ́n ń tọ́jú òṣìṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn dúró níwájú àbúrò yìí.

“Ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń wọ èyí?”

“Ojoojúmọ́ ni, sà.”

Àǹtí Téló tó dúró ti àpótí rẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ. Ọkọ̀ wọn ò tíì dé kọ́nà tí Ọ̀gá fi pariwo pé, “Ó yá, ẹ bọ́ ọ!”

Àǹtí Téló jókòó lé àpótí mọ́lẹ̀. “Mi ò gba ìkankan.”

“Àǹtí, ṣé kò sí o?”

“Ó wà! Ṣé kí àwọn èèyàn yìí kú tán kí n tó wá rán aṣọ òkú fún wọn ni? Ẹ̀yin ìkà!”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Ọ̀gá. “Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ jáde, kó má padà wá lọ́la.”

Kíá, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ebi pa ọmọ òun? Àbúrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì tiẹ̀, ni ikọ́ bá gbé e, ó ká kò. Àǹtí Téló dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé bọ́tìnnì náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ọmọ ìyá mi, ohun tí mo bá rí jẹ, ìwọ náà á jẹ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tèmi kọ́ ni wọ́n máa fi pa ẹ́.” Ó fà á lọ́wọ́ jáde ní géètì.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àbúrò ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan ló yọ sí ṣọ́ọ̀bù láìsí iṣẹ́, láìsí kọ́bọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo sùn mọ́jú lánàá. Ikọ́ ò jí mi.”

Àǹtí Téló dúpẹ́, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, ó ń bú àwọn ilé iṣẹ́ náà, ó ń ṣépè. Wọ́n ti gba ẹlòmíràn sí ipò àbúrò rẹ̀ láti ọjọ́ kejì. Ogójì èèyàn pérépéré ló ṣì wà nínú eruku yẹn.