Olùpè Kìíní àti Kòtò Ẹnu Ọ̀nà Rẹ̀

Kó yé tọmọdé tàgbà, ká sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí eku ò ti ní rí i jẹ: télọ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í fọ eyín kó tó bú ìjọba. Kì í ṣe pé ọ̀bùn ni o. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ débi pé aṣọ tó bá rán, ẹ lè yí inú rẹ̀ síta kẹ́ ẹ sì wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbéyàwó. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá sun ẹnu mọ́jú ló máa ń mú. Bí ọṣẹ ìfọyín bá ti kàn án, á di ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí, ta ló sì ti rí ìjọba tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí rí?

Olùpè Kìíní ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí aago méje òwúrọ̀ bá ti lù, ilé iṣẹ́ rédíò tó wà lókè ilé ìfìwéránṣẹ́ máa ń gbé ètò kan sáfẹ́fẹ́ tí wọ́n pè ní Ẹnu Aráàlú, níbi tí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn ti lè pè wọlé. Àwọn baba wa tó sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, wọn ò mọ̀ pé wọ́n máa bí télọ̀ yìí. Ọdún mẹ́ta gbáko, òun ló kọ́kọ́ ń fèsì. Ìwé ìròyìn tó ń fi àwòrán ìgbéyàwó olówó bo ìròyìn ebi mọ́lẹ̀, ó fèsì fún un. Àwọn aṣòfin tó ń sùn lórí ìjókòó bí ẹni tí wọ́n torí oorun dìbò fún, ó fèsì fún wọn. Eré tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ pé gbogbo ìyá ọkọ inú rẹ̀ ló burú, ó fèsì fún ìyẹn náà, ìyá tirẹ̀ sì ń ti inú ilé gbè é lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, inú kòtò ló máa ń parí sí: kòtò ìdọ̀tí tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, tí pákó kan ṣoṣo dábùú lé lórí. Ìyàwó rẹ̀ ti fẹsẹ̀ rọ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó ojúọ̀nà kan já sínú rẹ̀ tòun taṣọ funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà, ó sì jáde ní aláwọ̀ méjì.

Oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni èèmọ̀ wọ̀ ọ́. Bó bá pè, fóònù á dún títí, ẹnì kan ò ní gbé e. Òfin ètò náà sì ni pé ẹni tó bá ń pè gbọ́dọ̀ pa rédíò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ohùn má baà máa hu bí ajá tó rí iwin. Télọ̀ kì í rú òfin. Á pa rédíò, á lẹ fóònù mọ́ etí fún odidi wákàtí kan, á máa ké "Halóò! Halóò!" Bí ètò bá parí, àwọn tó ń kọjá á juwọ́ sí i: "Olùpè Kìíní, a gbọ́ yín o! Ẹ sọ ọ́ fún wọn!" Òun á rò pé halóò òun ni wọ́n gbọ́ lójú títì, á sì mi orí bí ẹni tí wọ́n ń bá kẹ́dùn. Àárín ìdààmú yìí ni ìyá rẹ̀ dàgbére fáyé. Ìyẹn náà ti pé ọdún kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọrí sínú kòtò. Kí ló kù kó ṣe? Ó tan rédíò, ó jókòó bí aráàlú yòókù. Atúnbàtàṣe kan tó kó dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn wá jókòó tì í.

"Olùpè wa àkọ́kọ́, ẹ káàárọ̀," ni Olóòtú ètò wí lórí afẹ́fẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o. Mi ò ní pẹ́ rárá," ni ọkùnrin kan dáhùn.

Inú bí télọ̀. "Ta lolè yìí? Ta ló gba ipò mi?" Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, ojú rẹ̀ ń rọ̀. "Háà, ọkùnrin yìí mọ̀rọ̀ọ́ sọ o! O gbọ́? Ó ní kí wọ́n kó àwọn aṣòfin wá sùn sínú kòtò, pé ó kéré tán, kòtò á dí! Irú wọn ò pọ̀ mọ́."

Atúnbàtàṣe kọjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ara yín lẹ̀ ń yìn bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo jókòó tì ọ́ níbí?"

Kó tó pa ẹnu dé, ohùn obìnrin àgbàlagbà kan là wá láti ẹ̀yìn ohùn ọkùnrin náà: "Ọkọ mi, fi ìjọba sílẹ̀, kó o wá jẹun! Oúnjẹ ń tutù, ìjọba ò sì ní bá ọ gbé e kaná!"

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta tó wà lẹ́nu télọ̀ já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Mò ń bọ̀, Màmá," ló wí, ó ti gbẹ́sẹ̀ kan sọ́nà ilé kó tó rántí pé òun fúnra òun lòun rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Ẹsẹ̀ náà dúró sófuurufú.

"Màmá yín náà nìyẹn," ni Atúnbàtàṣe wí pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. "Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń pè yín jẹun. Àbí ara wọn ni ò tíì yá, tí wọn kì í jáde?"

Tòun tokùn ìwọ̀n lọ́rùn, télọ̀ sáré gun gbogbo àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ rédíò. Iná pupa tó ń sọ pé ètò ń lọ lọ́wọ́ ń tàn lókè ilẹ̀kùn. Ó ti ilẹ̀kùn. Kò séèyàn lórí àga Olóòtú. Ẹ̀wù rẹ̀ ló fi kọ́ ẹ̀yìn àga, eruku sì ti fún un ní àwọ̀ tuntun. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ẹ̀rọ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń bó ọsàn. Kọ̀ǹpútà ló ń dá ètò ṣe: ohùn Olóòtú ń béèrè, ohùn alága ìjọba ìbílẹ̀ ń dáhùn pé láìpẹ́ láìjìnnà.

"Olóòtú dà?" ni télọ̀ bi í, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Wọ́n ti lọ jẹ agbẹnusọ fún alága, ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá. Ẹ jókòó, Olùpè Kìíní."

"Ta ló wá ń ṣe ètò?"

"Kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn là ń gbé sáfẹ́fẹ́."

"Oṣù mẹ́rìnlá! Kò sì sẹ́ni tó fura?"

Obìnrin náà yí ọsàn lọ́wọ́. "Ẹnì kan kọ lẹ́tà. Ó ní ètò náà ti ń dára sí i."

Télọ̀ jókòó láìmọ̀ pé òun jókòó. "Irọ́ lẹ̀ ń pa fáráàlú!"

"Irọ́ kẹ̀?" Obìnrin náà gbé ọbẹ sílẹ̀. "Kòtò yẹn, ṣé wọ́n ti dí i?"

"Wọn ò dí i."

"Pákó orí ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti sán."

"Àwọn aṣòfin, ṣé wọ́n ti jí?"

"Wọ́n ṣì ń sùn."

"Ìyá ọkọ inú tẹlifíṣọ̀n, ṣé ẹ rí ọ̀kan tó ti ronú pìwà dà? Bọ̀dá mi, ẹ sọ èwo tí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín, kí n yọ ọ́."

Ẹni tó ti ń fèsì fún asọ̀rọ̀mágbèsì láti ọdún yìí wá bọ́ okùn ìwọ̀n kúrò lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ sọ tuntun."

"Ó dáa. Gbohùngbohùn rèé. Àyè ẹyọ kan ló kù nínú ẹ̀rọ o. Bí tuntun bá ti wọlé, ti àtijọ́ rẹ́ nìyẹn."

Télọ̀ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́rìnlá ló wà níkùn rẹ̀.

"Ìyá mi wà nínú ti àtijọ́," ló rí sọ.

"Ta ni ò mọ Màmá? Bí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ wá jẹun, ìgbà yẹn làwa náà máa ń lọ jẹun níbí."

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Á wà, àfi bí wọ́n bá dí kòtò. Ọjọ́ tí wọ́n bá dí i la máa yọ ọ́. Àwa ò lè máa parọ́ fáráàlú."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀, tó gbọ́n jù ú lọ, fi fóònù tirẹ̀ gba ohùn náà sílẹ̀. "Ẹ gbà, bàbá wọn. Màmá ti wà lọ́wọ́ yín báyìí. Ẹ lè gbọ́ wọn nígbàkígbà."

Télọ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà. "Kì í ṣe bákan náà. Ti fóònù, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Ti rédíò, Màmá ló ń pè mí."

"Ẹsẹ̀ mi tó rọ́ lẹ́ẹ̀mejì wá ńkọ́?"

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá òwú kan tí kò sọ nù.

Láti ìgbà náà, ó ti ń fọ eyín rẹ̀ kí aago méje tó lù ní Ọjọ́bọ̀. Á gbé oúnjẹ síwájú, á máa gbọ́ bí òun fúnra òun ṣe ń bú ìjọba, kò sì ní fọwọ́ kan oúnjẹ náà àfi bí Màmá bá pè é. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí láyé yìí ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kó yanrìn, ó kó sìmẹ́ǹtì. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tòun tìwé lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ni Olùpè Kìíní? Alága ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ̀ ń pariwo mọ́ àwọn létí, ó ti tó. Ẹ fọwọ́ síbí pé ẹ fẹ́ ká dí kòtò yìí, ká lè bẹ̀rẹ̀ kíá."

Atúnbàtàṣe hó yèè. Ìyàwó télọ̀ tiro jáde, ó ti na bírò sí i kí ọkùnrin náà tó parí ọ̀rọ̀. Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà; bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, Màmá á tún pè é jẹun. Télọ̀ gba bírò, ó wo ẹnu rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní ó dà bíi pé kò ní yíǹkì. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wọ́n láti òkèèrè, tẹ́ ẹ ò sì ti ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, ṣé bírò yẹn ní yíǹkì lóòótọ́?