Kéèkì Tí Wọ́n Gé fún Verlene

Ọdún mọ́kànlá ni Verlene Stuckey ti ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà nílé ìtajà ńlá tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Missouri. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Pruitt ọ̀gá wa fún un ní aṣọ iṣẹ́, ó tún fún un ní fọ́ọ̀mù káàdì oúnjẹ tí ìjọba ń fún àwọn tí owó wọn ò tó jẹun, torí owó iṣẹ́ wa ò lè bọ́ ológbò.

"Má tijú," ni Pruitt wí. "Gbogbo wọn níbí ló ń gbà á."

Verlene ní èèyàn dáadáa ni ọ̀gá wa.

Tó bá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi wákàtí kún iṣẹ́ òun, Pruitt á ní, "Tí owó ẹ bá pọ̀ sí i, ìjọba á gba káàdì ẹ. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn? Tìẹ ni mò ń rò o."

Bó bá ṣíwọ́, á bọ́ aṣọ iṣẹ́, torí wọn kì í jẹ́ ká wọ̀ ọ́ rajà, á wá fi káàdì ra ẹ̀wà alágolo lọ́wọ́ mi nílé ìtajà wa yìí náà.

Lóṣù tó kọjá, Pruitt kó wa jọ, ó gé kéèkì. Ó ní nínú gbogbo ẹ̀ka ilé iṣẹ́ wa, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ná káàdì oúnjẹ jù lọ.

Verlene ò fọwọ́ kan tiẹ̀. "Ọ̀gá, mo rò pé ẹ̀ ń bá mi wá oúnjẹ ni. Àṣé èmi gan-an lẹ̀ ń jẹ."

Kéèkì ti wà lẹ́nu tèmi. Kò ṣeé gbé mì, n ò sì lè tu ú níwájú ọ̀gá.