Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kò Pè Rí

Nígbà òjò tó kọjá, ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Sakété. Owó ìfẹ̀yìntì mi wà ní báńkì, káàdì rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, ṣùgbọ́n ahọ́n mi wúwo, n kò lè sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ẹlòmíràn kò sì láṣẹ lórí owó náà. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló ta ewúrẹ́ rẹ̀ méjèèjì ra oògùn fún mi.

Nígbà tí ara mi yá, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Pobè gbà mí níyànjú pé kí n fi ẹnìkan kún un, ẹni tí yóò ní káàdì tirẹ̀ lórí owó mi. N kò bímọ. Ọkọ mi ti kú. Ta ló kù? Àbúrò ọkọ mi yìí náà ni.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé wọn ní Takon. Èmi olùkọ́, mo kúnlẹ̀ kí i, torí wọ́n ti bí i kí n tó dé. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́. Lọ́dún kẹwàá tí n kò bí, ó fi eyín funfun yẹn rẹ́rìn-ín níwájú àlejò, ó ní: "Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu. Ìwé ni ìyàwó wa ń bí." Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. N kò gbàgbé, n kò sì fẹ́ gbàgbé.

"Màmá, kí lorúkọ rẹ̀?"

"Eyínfúnjowó."

Ọmọ báńkì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Orúkọ gidi, Màmá. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, òun náà á wọlé wá fọwọ́ sí tirẹ̀."

Ẹnu mi kò gbé e. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún! Ìta ló jókòó sí, agboòrùn mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò jẹ́ pè é wọlé kó wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kó má baà mọ̀ pé mo ṣì ń bẹ̀rù orúkọ rẹ̀. Mo gba kálámù, mo kọ ọ́ ní kíkún, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń kọ̀wé sójú pátákó.

Kí n tó fọwọ́ sí i, mo bèèrè: "Ṣé mo lè yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ tó bá wù mí?"

"Lọ́jọ́kọ́jọ́, Màmá."

Ìgbà yẹn ni mo fọwọ́ sí i.

Mo yọjú síta. Ó dìde. "Ìyàwó, o ti ṣe tán?"

"Ẹ máa bọ̀, Eyínfúnjowó," ni mo wí, orókún mi sì ti fẹ́ tẹ̀ kí n tó dá a dúró.